Káàdì àwìn tí kò ní èlé: ṣé ó lè yọ wá nínú gbèsè ilé?

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò rí oorun sùn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì kan ní Broad Street. ₦210,000 ni owó oṣù mi, ọjọ́ 25 ló ń wọlé. Bàbá àwọn ọmọ ń tẹ̀wé níbí ní Ṣómólú. Ẹ mọ àdúgbò wa, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń jí wa láàárọ̀. Iṣẹ́ ń wọlé fún un, ṣùgbọ́n àwọn tó gbéṣẹ́ wá á kó ìwé wọn lọ, owó á wá di "ó di ìparí oṣù."

Gbèsè tó wà nílẹ̀ nìyí. Owó ilé ku ₦150,000. Owó iléèwé àwọn ìbejì jẹ́ ₦96,000, ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án yìí ni wọ́n ń wọlé. Mo jẹ ìyá tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún wa ní Onípánù ní ₦38,000, kò sì tíì fi ojú burúkú wò mí rí. Ti orí fóònù ló ń dùn mí jù. Ápù méjì ni. Ọ̀kan fún mi ní ₦50,000, ó ní kí n dá ₦65,000 padà láàárín oṣù kan. Èkejì ń béèrè ₦40,000. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé olè ni mí. Mo sunkún nínú BRT láti CMS títí mo fi sọ̀ ní Onípánù.

Mo wà nínú àjọ, àwa mẹ́wàá, ₦30,000 lóṣù. Èmi ni ẹnì kẹjọ, ẹnì karùn-ún ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó.

Báǹkì tí owó oṣù mi ń wọ̀ wá ní àwọn á fún mi ní káàdì àwìn, credit card, tó lè gbé tó ₦250,000, pé kò sí èlé fún ọjọ́ 45. Àbúrò mi ní London sọ pé irú ẹ̀ lòun fi san gbèsè tòun, ogún oṣù láìsí èlé. Mo ń rò ó pé kí n fa owó jáde lórí káàdì náà, kí n fi pa àwọn ápù yìí lẹ́nu mọ́, kí n fi ìyókù sí owó ilé. Àbí ọ̀fìn mìíràn ni mo fẹ́ kó sí?

Ọmọ Lafiaji ní London

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ti àbúrò yín kì í ṣe ti Èkó. Níbí, ẹ lè gbé gbèsè orí káàdì àtijọ́ sórí tuntun. Wọ́n á yọ nǹkan bíi 3% lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sì ní gba èlé títí iye oṣù tí wọ́n kọ sínú ìwé á fi pé. Síbẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ máa san díẹ̀ lóṣooṣù. Tó bá pa oṣù kan jẹ, wọ́n lè gba àǹfààní náà lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù ni tibí, ọjọ́ ni tiyín.

Àgbà Báǹkì, Súrùlérè

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí káàdì ní báǹkì kan kí n tó fẹ̀yìntì. Ìyá Ìbejì, ẹ má fi káàdì yẹn fa owó jáde. Mo bẹ̀ yín. Ọjọ́ 45 tí wọ́n ń sọ, ti ọjà rírà ni, kí ẹ fi sanwó lórí POS tàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá fi gba owó lẹ́nu ATM, ọjọ́ yẹn gan-an ni èlé máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tún gba owó iṣẹ́ lé e. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: lọ́dún 2024, CBN, báǹkì àgbà orílẹ̀-èdè wa, gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5%. Báǹkì wo ló máa yá wa lówó ọ̀fẹ́ fún ogún oṣù?

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 45 yìí máa ń rú àwọn èèyàn lójú, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Wọn kì í kà á láti ọjọ́ tí ẹ ra nǹkan. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣírò káàdì yín lóṣooṣù ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ká ní ọjọ́ 20 ni, tí wọ́n sì fún yín ní ọjọ́ 15 lẹ́yìn rẹ̀ láti fi san. Ohun tí ẹ bá rà lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án á bọ́ sínú ìṣirò ọjọ́ kejì, ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá lẹ gbọ́dọ̀ ti san án. Ọjọ́ 16 péré. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ rà lọ́jọ́ 21 á dúró de ìṣirò oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá lẹ máa san án. Owó oṣù á ti wọlé fún yín lẹ́ẹ̀mejì kó tó di ìgbà yẹn. Ọjọ́ méjì ló fa gbogbo ìyàtọ̀ yẹn. Nítorí náà, tí iléèwé bá ní POS, owó iléèwé ni kí ẹ fi káàdì san, kò gbọdọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ìwé tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ á ní iye méjì: gbogbo gbèsè, àti ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n ní ẹ lè san. Ẹ má wo èkejì yẹn rárá. Oníbàárà mi kan tó ń ta táyà san ìwọ̀nba yẹn fún ọdún méjì, ó ń rò pé òun ń san gbèsè. Èlé ló ń san. Ẹ sì má rò pé ẹ lè gbé owó yín sá lọ sí báǹkì mìíràn. Láti 2020 ni CBN ti gba àwọn báǹkì láyè láti fa owó tí èèyàn jẹ wọ́n yọ níbikíbi tí BVN rẹ̀ bá so mọ́.

Ìyá Alátẹ, Oyíngbó

Ìyá Ìbejì mi, ẹ nu ojú yín nù. Àwọn ápù yẹn kì í ṣe nǹkan tuntun, sogúndogójì ni àwọn ìyá wa ń pè wọ́n. Ẹ lọ bá ẹni tó kàn láti kó àjọ, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ gba ipò rẹ̀, kó kó nígbà tiyín. A ń ṣe é lọ́jà lójoojúmọ́. Kí alájọ gbọ́ sí i o, kí ẹ má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ó ṣì máa dá ₦30,000 yín títí ẹnì kẹwàá á fi kó, ìyẹn ni kí ẹ má gbàgbé.

Ọmọ Yàbá

Ẹ ya àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín, kí ẹ sì fẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Láti 2022 ni wọ́n ti ń forúkọ àwọn ápù tó ń yáni lówó sílẹ̀. Kò sí ẹni tó láṣẹ láti bà yín lórúkọ jẹ́ nítorí gbèsè.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú

Mo padà wá dúpẹ́ ni. Ẹnì kẹfà gbà láti bá mi ṣe pàṣípààrọ̀. Ó ní oṣù Kọkànlá gan-an lòun fẹ́ kówó, nítorí ọjà Kérésìmesì. Mo kó ₦300,000 lánàá. Kí n tó jẹun alẹ́, mo ti san ₦105,000 àwọn ápù, mo sì yọ méjèèjì kúrò lórí fóònù. Owó ilé pé. Nígbà tí mo kó ₦38,000 fún ìyá wa ní Onípánù, ẹ̀wà kóńgò kan ló fi ṣe èènì fún mi, mo tún sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún yìí yàtọ̀.

Ọjọ́ 20 náà ni báǹkì tèmi ń ṣírò, ọjọ́ 15 ni wọ́n sì ń fúnni. Iléèwé ní POS. Ìyáàfin tó ni ín ní kí àwọn ọmọ máa bọ̀, òun á dúró di ọjọ́ 21. Kàlẹ́ńdà tí bàbá wọn fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀, mo ti fi bírò pupa yí ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá po. Àgbà Báǹkì, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀, sà?

Àgbà Báǹkì, Súrùlérè

Ẹ yí ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án àti ti oṣù Kẹwàá po náà. Kí owó oṣù ó wọlé, kí ₦48,000, ìdajì owó iléèwé, ó jáde lọ sórí káàdì lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ tó lọ sọ́jà.