"Wákàtí wúrà" kọ́ ló yẹ ká máa pè é

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìwé ìkọ́ni lórí fọ́tò yíyà ní ká máa pe ohun táwọn Òyìnbó ń pè ní golden hour, ìyẹn àkókò tí oòrùn wà nísàlẹ̀ ojú ọ̀run, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀, ní "wákàtí wúrà", àwọn kan sì ti fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká dúró ná.

Kì í ṣe wákàtí rárá, ó kéré tán lọ́dọ̀ tiwa. Oòrùn Èkó kì í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó gòkè, òkè tààrà ló ń lọ. Bó bá ti yọ tán, kò tó ìdajì wákàtí tí ìmọ́lẹ̀ á fi funfun báláú. Ti London yàtọ̀. Lóṣù Kejìlá, oòrùn wọn kì í ga ju nǹkan bíi dígírì 15 lọ, àní lọ́sàn-án gangan, ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ yẹn sì máa ń pẹ́ nílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba "wákàtí" gbọ́ ní Bàdágìrì, kó tó to kámẹ́rà rẹ̀ tán, ilẹ̀ ti mọ́ kọjá ohun tó ń wá.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé a ti ní orúkọ fún un, ó sì pín sí wẹ́wẹ́ ju tiwọn lọ. Ní ìdájí, ojú ọ̀run dà bí aṣọ aró, ìfófòó ìgbì nìkan lèèyàn ń rí. Tó bá di àfẹ̀mọ́júmọ́, ọ̀run á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara rẹ̀ kúrò lára omi, ọkọ̀ apẹja á sì hàn ní dúdú láìsí pé a rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Kùtùkùtù ni oòrùn tó yọrí, tí gbogbo ojú ẹsẹ̀ inú iyanrìn á ní òjìji tirẹ̀. Fọ́tò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. "Ìmọ́lẹ̀ kùtùkùtù" ni mo dìbò fún.

Ẹ tún wo fọ́tò etíkun Elékòó, l'Ékòó níbí, tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé náà, tí wọ́n kọ "oòrùn yọ látinú òkun" sábẹ́ rẹ̀. Orí igi àgbọn ni oòrùn wà nínú fọ́tò náà! Etíkun Èkó kọjú sí gúúsù, torí náà ọwọ́ òsì ẹni tó bá dojú kọ omi loòrùn ti ń yọ. Lóṣù Kẹfà, ó máa ń sún sápá ilẹ̀. Lóṣù Kejìlá ló ń sún sápá omi, ọyẹ́ sì lè bò ó nígbà náà. Ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹ̀bùn lọ bá Yemọja létíkun ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì, ojú omi gan-an loòrùn ti ń yọ. Gbólóhùn yẹn bá tibẹ̀ mu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì kọ nípa fọ́tò náà pé "ó pupa dáadáa", irú pupa wo? Àwọ̀ ìyeyè, ọsàn pípọ́n, ẹ̀jẹ̀, gbogbo rẹ̀ là ń kó sábẹ́ pupa, ṣùgbọ́n a ò fi ẹni tó ń gbọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Pupa fòò yàtọ̀ sí pupa rúsúrúsú. Ọ̀run inú fọ́tò yìí pupa fòò, ṣùgbọ́n iyanrìn tútù tó wà níwájú, tó ń dán bíi dígí, rúsúrúsú ló wà. Òkè nìkan ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà kùn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ló jẹ́ kí n lè tọ́ka sí àléébù náà láìyá ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lò.

Ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run ló ṣì ṣòro láti fún lórúkọ, ó sì ṣe pàtàkì, torí pé bó bá ti wọ́ nínú fọ́tò, ńṣe ló máa dà bíi pé omi fẹ́ dà nù. "Ìlà òkun" tí wọ́n dábàá kò burú, àmọ́ ẹni tí ìlà oòrùn ti mọ́ létí lè rò pé òkun ló ń là. Àwọn apẹja Ìlàjẹ ń wo ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ní èèyàn lọ́dọ̀ wọn, kó jọ̀ọ́ bá wa bi wọ́n ohun tí wọ́n ń pè é, ká tó fọwọ́ sí èyíkéyìí.