Owó orí kọ́ ni wọ́n ń bá a jà sí: lórí títúmọ̀ òfin Íńdíà nípa ìnilára abilékọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Ẹni wa tí ó kọ̀wé ṣáájú dábàá pé kí a pe ọ̀ràn tí abala 498A nínú ìwé òfin ọ̀daràn Íńdíà dá lé lórí ní “ìwà ìkà tí ọkọ tàbí àna ń hù sí ìyàwó nítorí owó orí”. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún làálàá náà, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí i, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn, tí gbogbo wa gbọ́ dáadáa, ń yí òfin náà po mọ́ òǹkàwé lójú, èyí tí ó sì burú jù nínú wọn ni owó orí.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹbí ọkọ ní ń gbé owó orí àti ẹrù ìdáná wá bá ẹbí ìyàwó; ọ̀pọ̀ òbí a tilẹ̀ dá owó náà padà lójú agbo, wọn a ní àwọn kò ta ọmọ. Ní Íńdíà, ohun tí àwọn tí ń sọ èdè Híńdì ń pè ní dahej, ilé ìyàwó ni ó ti ń jáde lọ sí ilé ọkọ. Òfin ti ka gbígbà àti fífúnni rẹ̀ léèwọ̀ láti ọdún 1961, síbẹ̀ wọn kò yé béèrè rẹ̀. Nínú ẹjọ́ kan tí ó ti ìpínlẹ̀ Bihar dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ọdún 2014, ẹ̀sùn tí ìyàwó fi kàn ni pé ìyá ọkọ àti bàbá ọkọ ní kí òun mú owó rúpì 800,000, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù àti tẹlifíṣọ̀n wá. Bí a bá wá pe èyí ní owó orí, ẹni tí ń kà á ní Ìbàdàn yóò rò pé ẹbí ọkọ ń gba ohun tí wọ́n san padà ni, tàbí pé wọ́n ń fi owó tí wọ́n san halẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Irú ìhàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa lóòótọ́, ó sì ń bà mí nínú jẹ́, ṣùgbọ́n ìyà ọ̀tọ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ wọ inú òfin ẹlòmíràn láti ọwọ́ atúmọ̀.

Ẹrù ìyàwó náà kò gbà wá, nítorí pé lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun tí ọkọ gbé wá síbi ìdáná ni. Àbá tèmi ni “àmúrelé-ọkọ”, èyí tí ó sọ ibi tí ẹrù ń lọ láìsí àríyànjiyàn. Nínú abala 498A gan-an, a kò tilẹ̀ nílò rẹ̀, nítorí pé òfin kò dárúkọ dahej níbẹ̀. Dúkìá tàbí ìwé tí ó ní owó lórí, tí kò bófin mu láti béèrè, ni ó sọ. Abala 304B ni a ó ti lò ó, èyí tí wọ́n fi kún ìwé òfin ní ọdún 1986 nípa ikú abilékọ tí ó bá dahej tan, láàárín ọdún 7 tí ó ti ṣe ìgbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ àna náà nìyí. Ta ni Yorùbá ń dọ̀bálẹ̀ fún gẹ́gẹ́ bí àna? Ẹbí ìyàwó rẹ̀ ni. Bí a bá kọ̀wé pé àna ń ni ìyàwó lára, àwọn òbí obìnrin náà fúnra wọn ni a fẹ̀sùn kàn yẹn. Ẹbí ọkọ ni ó yẹ kí a kọ. Ṣùgbọ́n ọkọ alára ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé abilékọ nílé wa, gbogbo ọmọ ilé tí ó bá níbẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, àti ọkùnrin àti obìnrin, títí kan ọmọ ọwọ́. Òfin Íńdíà ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹbí rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ti pinnu ní ọdún 2009 pé àlè ọkọ kì í ṣe ẹbí ọkọ lábẹ́ abala yìí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa kọ “ọkọ tí ó fẹ́ ẹ, tàbí ẹbí ọkọ náà”. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ kò ní béèrè pé ọkọ wo.

Ó wá ku ìkà. Ìkà lédè wa jẹ́ orúkọ ènìyàn kí ó tó jẹ́ orúkọ ìwà, àwa a sì máa wo inú ẹni kí a tó pè é bẹ́ẹ̀. Òfin yìí, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1983, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bí inú rẹ̀ ti rí sí gbogbo ayé. Ó ń wo ìwà tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ hù, tí ó lè sún obìnrin láti pa ara rẹ̀, tàbí tí ó lè ṣe é léṣe gidigidi, ìbáà ṣe lára ìbáà ṣe lọ́kàn; ó sì ń wo fífòòró rẹ̀ kí òun tàbí ẹbí rẹ̀ lè mú dúkìá wá. Àwọn kan fẹ́ “ìfìyàjẹ”, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣẹ̀ náà ni à ń fìyà jẹ, òfin kan náà yóò sì tún fi ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 3 jẹ ọ̀daràn níyà: ìyà méjì yóò pàdé nínú gbólóhùn kan. “Ìdálóró” wúwo ju ohun tí òfin ń béèrè lọ. “Ìnilára” ni mo fara mọ́, nítorí pé ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ó gba ebi tí wọ́n fi pa obìnrin, ó gba ìlù, kò sì dá a lẹ́bi. Kí a wá fi “ìfòòró” sílẹ̀ fún apá kejì.

Ẹnìkan tún béèrè bí a ó ti sọ ọ́ pé ẹni tí ó pẹjọ́ àti ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò lè jọ fa ẹjọ́ náà yọ lásán. “Ọ̀ràn tí kò ṣeé parí nílé” ni mo dábàá, ọmọ Yorùbá yóò sì mọ bí ó ti lágbára tó, nítorí pé ilé ni a ti ń parí ìjà tọkọtaya lọ́dọ̀ wa. Àwọn ilé ẹjọ́ gíga lè fagi lé ẹjọ́ náà bí ìrẹ́pọ̀ bá ti wà, ìyẹn sì nílò gbólóhùn tirẹ̀. Kí a sì rántí pé láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024, ìwé òfin tuntun ti gba ipò àtijọ́: abala 85 àti 86 ni ọ̀ràn yìí wà báyìí. Ẹ jẹ́ kí a kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìtúmọ̀ wa, nítorí pé àwọn ẹjọ́ tí ọ̀ràn wọn ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà ṣì ń lọ lábẹ́ 498A.