Ẹ̀yin tí ẹ ti bá páìpù epo ṣiṣẹ́ rí, kí lojú yín rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tí wọ́n bá ní ààbò, akoto àti bàtà ni ọ̀pọ̀ máa ń rántí. Ohun tí process safety management, ìyẹn ètò dídènà ìjàǹbá ńlá níbi iṣẹ́ bíi tiwa, kọ́ èmi ni pé kí epo má kúrò nínú páìpù rárá.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sí yàrá tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ páìpù bẹntiróòlù. Lóru ọjọ́ kan, nǹkan bí aago méjì kọjá, préṣọ̀ já wálẹ̀. Epo tí à ń tì láti ọ̀dọ̀ wa ò dín, èyí tó ń dé ìpẹ̀kun ló ń dín. Ọ̀gá ṣíìfù ní géèjì ló ń purọ́, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wù mí kí n gbà á gbọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Marshall ló sọ sí mi lọ́kàn, ní Michigan, Amẹ́ríkà, oṣù Keje 2010. Páìpù epo rọ̀bì ya, aago ìkìlọ̀ ń dún, àwọn tó ń ṣọ́ ọ rò pé àlàfo lásán ló ṣí láàárín epo inú páìpù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún tan pọ́ǹpù. Wákàtí 17 kọjá kí wọ́n tó mọ̀, epo tó ju gálọ́ọ̀nù 800,000 lọ sì ti ṣàn jáde, ó dé odò Kalamazoo. Bẹ́ẹ̀ òfin wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn: tí ìṣẹ́jú 10 bá kọjá láìsí àlàyé, ẹ dá a dúró. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo pa pọ́ǹpù. Ọ̀gá pariwo. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n bá ibi tí ẹnìkan ti lu páìpù, epo ti rin oko ẹ̀gẹ́ já, abúlé ò sì jìnnà. Géèjì ọjọ́ náà ò purọ́. Irọ́ tó ti pa tẹ́lẹ̀, tí kò sẹ́ni tó tún un ṣe, ni ò jẹ́ ká gbà á gbọ́.

Awakọ̀-Katakata: Ẹ kú orí ire, ẹ̀gbọ́n. Ìjẹgun l'Ékòó ò kúrò lọ́kàn tèmi, 15 oṣù Karùn-ún 2008: katakata tó ń la ọ̀nà ló gún páìpù, iná sì dé ilé àti ilé-ìwé. Nígbà tí wọ́n gbé wa lọ sẹ́bàá páìpù kan, mo ní mi ò ní fẹnu katakata kan ilẹ̀ àfi táwọn onípáìpù bá wá ri àsíá mọ́lẹ̀. Máàpù ní ọwọ́ òsì ló wà. A fi ṣọ́bìrì wá a díẹ̀díẹ̀, ibi tí mo fẹ́ gbẹ́ gan-an la ti bá a, kò jìn ju orúnkún lọ. Àgbàrá ti wọ́ yẹ̀pẹ̀ orí ẹ̀ lọ. Kọ́ńtírátọ̀ bínú nítorí ọjọ́ méjì tó ṣòfò. Kó máa bínú lọ.

Ọmọ Wẹ́dà: Pig la fẹ́ yọ, ìyẹn ohun tí à ń tì gba inú páìpù rọ̀bì láti gbá a mọ́. Géèjì ẹnu ilẹ̀kùn tí pig ń gbà jáde ní òdo ni, pé kò sí préṣọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ti di sípánà mú. Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débi iṣẹ́ ní ká ṣí fáàfù kékeré òkè ná, bó ṣe wà nínú ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ó hó ṣìì, kò sì tán bọ̀rọ̀. Ìda inú epo rọ̀bì ló dí ẹnu géèjì. Látìgbà náà, géèjì méjì ni mò ń bèèrè, mi ò sì ń dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn mọ́.