Ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu téèpù já

Ẹ ní kí kálukú sọ orin tí kò lè gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà: Bohemian Rhapsody, orin ẹgbẹ́ olórin Queen ti ìlú Ọba. Ọdún 1992 ni, Arákalẹ̀ là ń gbé ní Àkúrẹ́ níbí, bọ̀dá kan nínú ilé wa ló ti Èkó mú kásẹ́ẹ̀tì Queen dé, ó ní orin kan wà nínú ẹ̀ tó ṣe ọ̀sẹ̀ 9 ní nọ́ńbà wáànù nílùú Ọba lọ́dún 1975 wọ 1976, tó tún padà síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 5 nígbà tí Freddie Mercury tó kọ ọ́ kú ní November 1991.

Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí mọ nǹkan tí mò ń sọ. Á bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí orin ṣọ́ọ̀ṣì, dùùrù á wọlé, ọmọ yẹn á máa ké sí ìyá ẹ̀ pé òun ti pààyàn, kóo tó mọ̀ ohùn ti ń fò lu ara wọn lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí wọ́n ti pe "Bismillah" ni màmá wa àgbà tó ń já ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà gbórí sókè, wọ́n ní ṣé Mùsùlùmí lọmọ yẹn ni. Bọ̀dá ní rárá o, àmọ́ Zanzibar ni wọ́n bí i sí, ní Áfíríkà wa níbí. Látọjọ́ náà ni màmá ti máa ń ní ká bá àwọn fi orin ọmọ Zanzibar sí i.

Nǹkan tó wọ̀ mí lára jù ni pé ẹni mẹ́ta péré ló kọ gbogbo ohùn àárín yẹn, Freddie, Brian May àti Roger Taylor tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á tún kọ òmíì lé e, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn 24 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ náà kún, wọ́n á pa wọ́n pọ̀ sójú kan kí àyè lè wà, wọ́n ṣe é débi pé àwọ̀ ara téèpù bó, tí wọ́n bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ wọ́n ń rí òdìkejì.

Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì nínú kọ́áyà ní àwa náà á ṣe é. Rédíò kásẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan ń kọ èyí tá a ti gbà sílẹ̀, àwa ń kọ òmíì lé e, èkejì ń gba gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ìgbà kejì dùn. Ìgbà kẹta, ariwo ṣìì-ṣìì ti ń wọlé. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, bí òjò orí páànù ló ń dún, ohùn tá a kọ́kọ́ kọ ti rì sísàlẹ̀, mo fetí ti sípíkà mi ò gbọ́ ara mi mọ́. Ọjọ́ yẹn ló yé mi, iṣẹ́ ńlá làwọn èèyàn yẹn ṣe.

Inú sì ń bí mi dòní pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé orin Queen jáde sọ fún wọn pé ó ti gùn jù, ìṣẹ́jú 5 àti sẹ́kọ́ńdì 55, pé rédíò ò ní gbé e. Àmọ́ Kenny Everett, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, gbé e nígbà 14 lórí Capital Radio ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín wíkẹ́ǹdì kan ṣoṣo!

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí. Oǹdó lèmi wà, èmi ni mò ń kọ́ àwọn áltò, àwọn tó ń kọ ohùn àárín, ní kọ́áyà wa. Mo gbé ibi àárín yẹn fún wọn lóṣù tó kọjá, ibi tí wọ́n ti ń pe Galileo, àwọn tòkè lọ sókè, àwọn tìsàlẹ̀ lọ sísàlẹ̀, àwọn áltò mi dúró sáàárín wọn ò mọ ẹni tí wọn ì bá tẹ̀ lé. Ni mo bá gé e sí wẹ́wẹ́, ìlà kan lọ́jọ́ kan, onídùùrù wa ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Lánàá ìlà mẹ́rin wọlé tán pátá, omi bọ́ lójú ọmọbìnrin kan nínú wọn. Ọjọ́bọ̀ la tún máa pàdé.