Ẹyẹ gba ẹnu ọ̀nà mọ́ wa lọ́wọ́, ìkómọ sì ku ọjọ́ mẹ́rin

Ìyá Àdùnní, Houston: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Mockingbird kan, ẹyẹ tó máa ń sín ohùn tó bá gbọ́ jẹ, kọ́ ìtẹ́ sínú igi òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn iwájú wa. Mo yọjú wò ó láàárọ̀ àná: ẹyin mẹ́rin, aláwọ̀ ojú ọ̀run, pẹ̀lú àmì pupa rúsúrúsú káàkiri ara wọn. Ẹni tó bá ti ń bọ̀ wọlé, orí rẹ̀ ni ẹyẹ yìí máa já lé. Ó ti ṣá ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ní àtàrí. Sátidé la fẹ́ kọ́mọ jáde, àlejò 60 ló ń bọ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé ní aago méjì òru, ẹyẹ ṣì ń kọrin, ó ń yí ohùn padà, ó tún ń ké bí aláàmù mọ́tò. Màmá mi tó wá wẹ ọmọ fún wa ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, òun ò ní fojú olóorun wò ó. Ọkọ mi ti mú àdá jáde. Ṣé ká gé igi yẹn?

Wálé, Dallas: Ẹ gba àdá lọ́wọ́ wọn kíákíá! Mo ti ṣe é rí. Mo gé tèmi láìyẹ inú rẹ̀ wò, òròmọ mẹ́ta já bọ́, ara wọn ò tíì yọ ìyẹ́. Kò sí èyí tó yè. Láti ọjọ́ náà títí ooru fi parí, bàbá àti ìyá wọn ò dojú kọ ìyàwó mi, wọn ò dojú kọ àwọn ọmọ, èmi nìkan ni. Mo pààrọ̀ fìlà, mo gba ọ̀nà gáréèjì, wọ́n dá mi mọ̀. Ìgbà tó yá ni mo kà á pé àwọn olùwádìí University of Florida ti dán an wò ní 2009: ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ìtẹ́ mockingbird lẹ́ẹ̀mélòó kan, wọ́n á mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Òfin 1918 tó ń dáàbò bo àwọn ẹyẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òun tún ni ẹyẹ ìpínlẹ̀ Texas láti 1927.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Bákan náà ni níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1981 ló ń dáàbò bò wọ́n. Mo háyà ẹni tó gé ọgbà igi mi nínú oṣù karùn-ún, ìtẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo sanwó iṣẹ́, mo tún pàdánù aládùúgbò tó ti ń bá mi gba lẹ́tà fún ọdún mẹ́fà. Títí dòní, kì í kí mi. Àbúrò, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹyin ò ju bí ọjọ́ 13 lọ kó tó pa, tó bá tún tó ọjọ́ 12 sí i, àwọn ọmọ ti jáde.

Ìyá Àdùnní: Ọjọ́ 12 sí i kẹ̀? Sátidé ńkọ́?

Ṣadé, Chicago: Èmi ò gé igi, àánú ni mo ṣe. Mo rí ọmọ ẹyẹ robin kan lórí koríko, àyà rẹ̀ tó-tò-tó, ìrù rẹ̀ kúkúrú. Mo gbé e sínú páálí bàtà, mo rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì, mo ń fi ṣíbí kán an sí i lẹ́nu. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi kú. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n pa ní ọmọ.

Bàbá Káyọ̀dé, Manchester: Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi kàn án ni. Bí ìyá ẹyẹ bá ti gbóòórùn ènìyàn lára ọmọ, ó tán.

Wálé, Dallas: Ẹ má bínú sà, kì í ṣe ọwọ́. Ìyá ẹyẹ kì í torí òórùn ọwọ́ kọ ọmọ. Mílíìkì ló pa á. Ẹyẹ kì í mu wàrà, inú wọn ò lè dà á. Omi tí a bá sì kán sí wọn lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí wọlé.

Bàbá Káyọ̀dé, Manchester: Ìyá àgbà mi tó sọ ọ́ kì í purọ́.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Kò sẹ́ni tó ní wọ́n purọ́, Bàbá Káyọ̀dé. Wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa fọwọ́ pa ọmọ ẹyẹ lára ni.

Ṣadé, Chicago: Kí ni mi ò bá wá ṣe nígbà yẹn?

Wálé, Dallas: Ẹ ò bá fi í sílẹ̀. Èyí tó bá ti ní ìyẹ́, tó ń tọ pọ́nkán pọ́nkán, ń kọ́ bí a ṣe ń fò ni, ìyá rẹ̀ wà nítòsí. Bí ológbò bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ igi. Èyí tó bá wà níhòòhò ni kẹ́ ẹ dá padà sínú ìtẹ́.

Ọmọ Ìwó, Maryland: Ẹ jọ̀ọ́, hummingbird, ẹyẹ kékeré tó ń fa omi dídùn inú òdòdó, ti ń wá sí ẹ̀yìnkùlé mi. Wọ́n ní pupa ni wọ́n fẹ́ràn. Ṣé mo lè bu zobo sínú omi ṣúgà wọn?

Wálé, Dallas: Háà! Rárá o. Ṣúgà funfun ife kan, omi ife mẹ́rin, ó tán. Kò sí oyin, kò sí aró. Nínú ooru yìí, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì kó má bàa kan. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mu zobo.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹyẹ tó ń mu omi ṣúgà lẹ ń rí, àyékòótọ́ aláwọ̀ ewé ló ń jí wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wá wo Peckham Rye, agbo-agbo ni wọ́n ń fò.

Àlàbí, Houston: Houston náà ní in! Orí òpó iná ni tiwa ń kọ́lé sí, ilé rẹpẹtẹ, ìdílé pọ̀ nínú ẹ̀ bí agboolé.

Wálé, Dallas: White Rock Lake ńkọ́? Dallas ò gbẹ́yìn.

Ọmọ Ìwó, Maryland: Gbogbo yín ń jà lórí aláwọ̀ ewé. Ìwó ni wọ́n bí mi sí, ọmọ odídẹrẹ́ ni mí. Àyékòótọ́ tèmi ṣe eérú lára, ìrù rẹ̀ pọ́n fòò, ìyẹn tó ń fún wa ní ìkóódẹ. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, mi ò rí i nínú igbó rí. Inú àgò ni mo ti mọ̀ ọ́n, nílé ọ̀rẹ́ bàbá mi. Wọ́n kó wọn tà títí àwọn orílẹ̀-èdè fi pàdé ní Johannesburg ní 2016 kí wọ́n tó fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó. Oríkì wa ṣì ń pè é lójoojúmọ́.

Ṣadé, Chicago: Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ẹ̀gà lèmi ń rántí. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà mi ní Ìkirè, wọ́n ti ya gbogbo ewé rẹ̀ kù ọ̀gọ̀mọ̀. Ẹyẹ kan á so rọ̀ mọ́ ìtẹ́ tó ń hun, orí sísàlẹ̀, á fi ẹnu ki ewé bọ ihò, á lọ fà á jáde lódìkejì, bí ẹni tó ń dirun. Ariwo wọn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Bàbá Káyọ̀dé, Manchester: Lékeléke! A máa ń na èékánná sí wọn kí wọ́n fún wa ní funfun.

Wálé, Dallas: Ìyá Àdùnní, ẹ bá mi sọ fún Màmá: mockingbird tó ń kọrin lóru kì í sábà jẹ́ èyí tó nílé. Akọ tí kò tíì rí aya ni, ó ń wá ìyàwó.

Ìyá Àdùnní: Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ jí. Wọ́n ní kí Ọlọ́run bá a wá aya rere, kó jẹ́ ká sùn. Ọkọ mi ti dá àdá padà sí gáréèjì. Ṣùgbọ́n gáréèjì ọ̀hún làwọn alásè fẹ́ dáná sí, geeti ẹ̀yìn ò sì gbà ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Àlejò 60, ibo ni wọ́n máa gbà wọlé?

Ọmọ Ìwó, Maryland: Àǹtí, ẹ ká ohùn ẹ̀ fún wa lóru òní, èyí tó ń ṣe bí aláàmù yẹn.