Ẹ̀tanú kọ́ ni bias o, ẹ jẹ́ ká wá nǹkan míì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ká fi "ẹ̀tanú" dúró fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bias, ìyẹn kí èrò èèyàn tàbí ìròyìn ti tẹ̀ sápá kan, pé gbogbo ayé ló ti mọ̀ ọ́n. Mi ò gbà jàre. Ìkórìíra wà nínú ẹ̀tanú, ẹ bá sọ fún ẹnikẹ́ni l'Àkúrẹ́ níbí pé ó ní ẹ̀tanú, ìjà lẹ dá sílẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé ìfẹ́ náà máa ń fa bias, ẹni tí ò kórìíra ẹnì kankan ń ṣe é láìmọ̀. "Ojúsàájú" tí àǹtí wa mú wá náà, ti ọ̀gá tó ń pín nǹkan nìyẹn, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ rántí January 2021. Gómìnà Akérédolú (Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere) ní kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba láàárín ọjọ́ 7. Igbó ọba o, igbó tíjọba dá sí. Kílẹ̀ tó ṣú, ohun tó gbòde ni pé wọ́n lé Fúlàní kúrò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilé iṣẹ́ Ààrẹ gan-an fèsì bíi pé wọ́n fẹ́ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún darandaran tó ti ń gbé ìpínlẹ̀ náà tipẹ́ dànù, ló bá di pé ìjọba Oǹdó tún ń ṣàlàyé. Nídìí àtẹ oníwèé ìròyìn lẹ́bàá Ọjà Ọba, àwọn tínú wọn dùn sí àṣẹ yẹn àtàwọn tínú ń bí, "kúrò l'Oǹdó" náà ni gbogbo wọn ń pariwo, kò sẹ́ni tó bèèrè pé ibo gan-an ni wọ́n ní kí wọ́n kúrò, ohun tí kálukú ti fẹ́ gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló ṣáà gbọ́. Èwo wá ni ẹ̀tanú ńbẹ̀?

"Ìfì" lèmi mú wá. Ẹrù ẹ̀yìn ọ̀kadà lè fì kí ọlọ́kadà má mọ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa pariwo fún un. "Ìròyìn yìí fì." "Èrò mi ti fì lórí ọ̀rọ̀ yìí." Èèyàn á lè sọ ìyẹn láìtijú. Oníròyìn tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, "ìṣègbè" ti wà ńlẹ̀ fún un.

Ti confirmation bias tẹ́nì kan bèèrè, mo ní "ìwẹ́rìígbera", ká wá ẹ̀rí tó máa gbe ara wa (ẹ má kà á ní gbéra o!). Lọ́dún 1960, Peter Wason, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń ronú, ní London fún àwọn èèyàn ní 2, 4, 6, ó ní kí wọ́n máa dá nọ́ńbà mẹ́tamẹ́ta míì lábàá títí wọ́n á fi mọ òfin tó wà nídìí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti pinnu pé méjìméjì ló ń fò, ni wọ́n bá ń kó 8, 10, 12 wá, 20, 22, 24, gbogbo ẹ̀ ń wọlé, inú wọn ń dùn, òfin náà ò sì ju kí nọ́ńbà ṣáà máa ga lọ. Ẹni tó bá dán 1, 2, 3 wò, tí kì í ṣe méjìméjì, èyí tó lè já èrò ara ẹ̀ ní koro, ìyẹn ló máa rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ ká ṣe sí ìròyìn WhatsApp ká tó fi ránṣẹ́: ká kọ́kọ́ wá ohun tó lè bà á jẹ́.

Ohun tí mi ò tíì rí yanjú ni orúkọ ẹni tí èrò ẹ̀ fì. "Onífì" ò dùn létí mi rárá. Ẹ̀yin ará Ìdànrè àti Ìkálẹ̀, kí lẹ rò?