Kí ni ká kọ sára àpò èlùbọ́: àmàlà tàbí láfún?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ògbómọ̀ṣọ́ la ti ń ta èlùbọ́, a sì fẹ́ tẹ àpò tuntun. Ọ̀rọ̀ yìí, àmàlà, ló há wa lọ́rùn. Níbí, ẹni tó ní òun fẹ́ jẹ àmàlà, ó lè jẹ́ funfun tí wọ́n fi láfún, ìyẹn èlùbọ́ ẹ̀gẹ́, rò ló ní lọ́kàn. Ará Ìbàdàn, dúdú tí wọ́n fi èlùbọ́ iṣu rò ló ń retí.

Iṣu tí a bọ̀ nínú omi gbígbóná tí kò hó, tó sùn sínú omi náà mọ́jú kí a tó sá a, ló ń di èlùbọ́ iṣu. Ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀, a ó bó o, a ó rẹ ẹ́ fún ọjọ́ 3 sí 4 títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, ká tó fún omi rẹ̀ dànù ká sá a. Bí kò bá kan tó, májèlé inú ẹ̀gẹ́ kì í jáde tán.

A ti ro "èlùbọ́ dúdú" àti "èlùbọ́ funfun" wò. Kò bọ́ sí i, torí èlùbọ́ iṣu kì í dúdú nínú àpò. Ìgbà tó bá kan omi gbígbóná ló ń dúdú. "Láfún" nìkan ńkọ́? Ará ilé mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó lè má mọ̀ ọ́n.

Orúkọ wo la lè kọ sára àpò méjèèjì tí oníbàárà ọ̀nà jíjìn kò fi ní ṣì wọ́n mú?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. A dúpẹ́ ṣáájú o.